Ipa Ọwọ́ Lára Bébà Aláwọ̀ Ewé

Nígbà náà, ìyá wa ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn, wọ́n ń lọ̀ ọ́ títí á fi máa dán. Ọkọ mi wà láàyè. Ọkọ àbúrò mi wà láàyè, ikùn rẹ̀ sì ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ wà láàyè, ó ga, ó nàró ṣánṣán, kò sí ẹni tó rí i tí kì í tún ojú wò ó. Láti kékeré la ti ń pè é ní Òpó, torí tó bá dúró, á dà bí ohun tí wọ́n gbé òrùlé lé. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì sí láyé, ìyẹn ọmọ tó wà nínú Òpó. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa lẹ bébà mọ́ ògiri ilé àwọn èèyàn, bébà olódòdó, bébà onílà, oríṣiríṣi. Alẹ̀bébà ni wọ́n ń pè é. Èèyàn kúkúrú ni. Orí àkàbà nìkan la ti máa ń gbójú sókè wò ó, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo ń se gúlúù. Ìyẹ̀fun ni mo máa ń pò mọ́ omi, màá máa rò ó lórí iná kékeré kó má baà ní kókó, torí kókó kan péré tó bá wà lábẹ́ bébà, ńṣe ló máa yọ síta bí eéwo. Èmi náà ni mo ń tẹ́ bébà sórí tábìlì, èmi ni mo ń gé e, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀yìn rẹ̀. Tí mo bá kùn ún tán, màá ká a bí aṣọ, màá nà án sí ọkọ mi lókè. Òkè pátápátá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ògiri ti pàdé àjà, á wá máa fi ọwọ́ pa á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ń kánjú, tí mo fẹ́ bá a di ìsàlẹ̀ mú kí iṣẹ́ lè yá, á ní, "Tú u sílẹ̀. Òkè ni bébà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ mọ ọ̀nà ara rẹ̀." Ó sọ ọ́ títí tí àwọn ọmọ wa fi sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn á dé fìlà láìwọ ṣòkòtò, á jáde sí pálọ̀ níwájú àlejò, á ní òkè ni bébà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tí Òpó fẹ́, àga ló ń tà, àga àti bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Alága là ń pè é nítorí àga rẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan tó ń darí, àfi ti oúnjẹ. Ó lówó, àmọ́ owó tuntun ni. Àdúgbò tí wọ́n ń gbé, àwọn tí bàbá bàbá wọn ti kọ́lé sílẹ̀ fún ló kún ibẹ̀, wọ́n sì máa ń fojú di tọkọtaya yìí díẹ̀. Wọn ò ní bú wọn o. Wọ́n á kàn wọ pálọ̀, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Gbogbo ẹ̀ mà tuntun o." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun Òpó wọ egungun.

Bó ṣe di pé ó fẹ́ ṣe yàrá wọn lọ́ṣọ̀ọ́ nìyẹn, kí ọmọ tó dé. Ó rí bébà kan nínú ìwé àpẹẹrẹ tí ọkọ mi ń gbé kiri, ó sì ní òun ò fẹ́ òmíràn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọ̀ ewé ni, àmọ́ ó ṣú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹyẹ ńláńlá wà lára rẹ̀ tí ọrùn wọn jẹ́ wúrà, òdòdó tó fẹ̀ tó abọ́ ni wọ́n sì bà lé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di ògbólógbòó. Wúrà ti ha níbì kan lọ́rùn ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ewé náà ti ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé oòrùn ti ń pa á láti ayé àwọn ìyá ìyá wa, ìlà wẹ́wẹ́ sì fọ́ ká gbogbo rẹ̀ bí awọ bàtà àtijọ́. Ó wọ́n kọjá sísọ.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin olówó, ẹ̀ ń ra tuntun kó lè jọ àlòkù. Àwa tí tiwa gbó lóòótọ́, kò sẹ́ni tó yìn wá rí."

Òpó ní kó rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó ní ẹni tó bá wọ yàrá òun báyìí á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá àgbà òun sí, àti pé ọmọ òun ò ní dàgbà nínú ilé tí wọ́n á máa pè ní tuntun.

Èmi ni mo tẹ́ bébà náà, ìdí nìyẹn tí mo fi lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohunkóhun tí ilé iṣẹ́ bá tẹ̀ sára bébà, ńṣe ló máa ń padà wá: ẹyẹ, òdòdó, ẹyẹ, òdòdó. Ibi tí wúrà ti ha lọ́rùn ẹyẹ àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ló ti ha lọ́rùn ẹyẹ tó kẹ́yìn. Òun là ń wò tí a bá fẹ́ gé e kí apá kan lè bá èkejì mu. Mo wo iwájú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí nǹkan mìíràn. A lẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ta okùn tó so òjé mọ́ nídìí, bébà náà gún régé. A ti fèrèsé kí atẹ́gùn má baà tètè gbẹ ẹ́, a sì gba ilé lọ.

Nígbà tó gbẹ tán, Òpó ránṣẹ́ pè wá. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó ní èyí tó tún wá dùn mọ́ òun jù ni ibi tí wọ́n ṣe bí ẹni pé ọwọ́ ti pa á dà, láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ibo ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó fà mí wọ yàrá. Lára ògiri tó ti ibi ìrọ̀rí lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo rí àwọn ipa gígùn, tí fífẹ̀ wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n nà tààrà bí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là sínú koríko. Níbi tí wọ́n gbà kọjá, wúrà ti pa rẹ́, àwọ̀ ewé ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ń dán bí ibi tí ọwọ́ ti ń di ìlẹ̀kùn mú láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó wà lókè jù bá mi dé àyà. Òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ sílẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í ṣe ipa gígùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ló wà, díẹ̀ sókè pákó tó wà nídìí ògiri, àmì ọwọ́ kan ṣoṣo tó ya ìka sílẹ̀.

Alága ń mi orí bí ẹni tó mọ ọjà. Ó ní iṣẹ́ ọnà nìyí, ó ní kò jọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Ọkọ mi sún mọ́ ògiri. Ó mú àkísà tútù, ó nu ipa òkè. Kò kúrò. Ó lọ tú èyí tó ṣẹ́ kù nínú bébà náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ipa kankan lára rẹ̀. Ó wò mí. Mo wò ó.

Ìyá wa ló sọ ohun tó jẹ́. Wọ́n wá kí ọmọ wọn, wọ́n sì rí i. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fọ ọrùn ẹ̀wù àti etí ọwọ́ ẹ̀wù, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ nípa òróró ara. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ipa náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọwọ́ ni. Kì í sì í ṣe ọwọ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó gba ibí yìí kọjá, ojú rẹ̀ ò ríran. Ẹni tó ríran kì í di ògiri mú láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Màmá, bébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ni o."

Ìyá wa nu ọwọ́ wọn mọ́ aṣọ. Wọ́n ní, "Èmi ò sọ ìgbà tó jẹ́."

Ọkọ mi, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fi ìka tọ́ka láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ní ẹ wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ tó ń rákò lè dé, ó wá ń ga sí i, ó ń ga sí i, ó dà bí ọmọ tó ń dàgbà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ló gé ètè jẹ, àmọ́ ó ti bọ́.

Òpó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó fojú bá àwọn ipa náà lọ láti ilẹ̀, ó lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé èyí tó wà lókè. Lókè ìyẹn, ẹyẹ àti òdòdó ló kù.

Ó ní, "Ó dàgbà dé ibí. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ò ní àlàáfíà mọ́. Ohun tó rò ni pé ọmọ tó wà nínú òun ò ní ríran, àti pé tó bá ga dé ipa òkè yẹn, ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ á dúró sí. Ó ní kí wọ́n ká bébà náà kúrò. Ọkọ mi gbé omi gbígbóná àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ wá. Ó rin etí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀. Kò tíì ṣí tó èékánná nígbà tí Òpó ní, "Ẹ dúró."

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ikùn. Ó ní, "Ó ti dákẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń tàpá, ó ti dákẹ́."

Kò sẹ́ni tó sọ fún ọkọ mi ohun tó máa ṣe. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ gúlúù, ó kun etí bébà náà, ó sì pa á padà láti òkè wá sílẹ̀. A jókòó sílẹ̀. Omi tutù sínú garawa. Ó pẹ́ kí Òpó tó mí kanlẹ̀ kó tó ní ọmọ náà ti sún. Èmi tí mo ti bímọ mọ̀ pé ọmọ inú máa ń sùn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bébà yìí mọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀. Lójú Alága, kò sí ìṣòro tí kọ́bọ́ọ̀dù ò lè bò. Ó kó kọ́bọ́ọ̀dù gìrìwò láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tò wọ́n mọ́ ògiri yẹn bí àwọn ọlọ́pàá. Àlàfo díẹ̀ ló kù, láàárín èyí tó kẹ́yìn nínú wọn àti ẹnu ọ̀nà. Tí ìlẹ̀kùn bá ṣí, wàá rí òpin àwọn ipa náà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá sì rí àmì ọwọ́ yẹn nísàlẹ̀.

Ọmọ náà dé, obìnrin ni. Kò tíì sunkún tán tí ìyá rẹ̀ ti ń fi iná wo ojú rẹ̀. Ó ríran. Ó ń wo iná kiri bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Gbogbo wa ní ó ti tán, àmọ́ kò tán lọ́kàn Òpó. Ó kọ́ ọmọ náà láti ìgbà tó ti ń ta gẹ́gẹ́ pé àárín yàrá ni kó máa gbà. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ògiri. Tó bá fẹ́ fara ti nǹkan, kó fara ti èèyàn. Ọmọ náà gbà á gbọ́ bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń gbà gbọ́ pé iná ń jóni. Kódà nílé mi, àárín ló ń gbà, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú títì, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Arìnláàárín, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára di òní.

Ohun kan wà tí Òpó kò sọ fún ọkọ rẹ̀, èmi nìkan ló sọ fún. Tó bá ń gbálẹ̀ yàrá láàárọ̀, ó máa ń rí ẹ̀rún wúrà wẹ́wẹ́ nílẹ̀ níbi àlàfo yẹn. Ó pè mí wò ó. Mo fi ìka kó o, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń tàn. Ẹ̀rún ara bébà ni, bí èyí tí ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ha á sílẹ̀. Mo ní bóyá ìlẹ̀kùn ló ń fi ara gbá a. Òpó ní ìlẹ̀kùn yẹn, ìta ló ń ṣí sí. Ó gbá a sínú ike ìkódọ̀tí, ó lọ dà á nù, ọjọ́ kejì ó tún rí òmíràn.

Arìnláàárín ń ga. Kó tó lọ ilé ìwé, ìyá rẹ̀ á dá a dúró níbi àlàfo, á wo èjìká rẹ̀ lára ipa òkè. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ̀ ń wọ̀n mí lójoojúmọ́. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún mi ni, àbí kí Bàámi kan pósí?"

Ẹ̀rín ló fi ṣe. Àmọ́ Òpó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ọmọ náà ò dá irú àpárá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọdún tí èjìká rẹ̀ bá ipa òkè dọ́gba, Òpó mú un kúrò nílé ìwé. Kò gbọ́dọ̀ gun orí àga, kò gbọ́dọ̀ dé ìdí iná, kò gbọ́dọ̀ jáde sínú òjò. Ó ní kó máa wá síbi tí òun wà kí òun máa rí i. Òpó rù. Alága bá mi sọ̀rọ̀ pé kí n bá òun bẹ àbúrò mi, ó ní ìyàwó òun ò mọ ìtọ́wò ọbẹ̀ mọ́, torí ẹ̀yìn ọmọ ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí ọdún yẹn kọjá.

Ó kọjá. Ọmọ náà kò ṣe àìsàn kankan ju ọ̀fìnkìn lọ. Lọ́jọ́ tó hàn gbangba pé èjìká rẹ̀ ti fi ipa náà sílẹ̀ nísàlẹ̀, Òpó ní kí gbogbo wa wá wò ó. Ó ṣí fèrèsé. Alága gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọ yàrá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wọ́n gbà kí Arìnláàárín fọwọ́ kan ògiri. Ó na ọwọ́, ó fà á padà, ó tún nà án. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ipa òkè. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé àmì ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ò mà kún un. Ẹni tó ni ọwọ́ yìí, ìka rẹ̀ gùn o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní bóyá ilé iṣẹ́ bébà ló ṣe é tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé àwa ni a ò rí i. Òpó ló rẹ́rìn-ín jù. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ìka rẹ̀ sì gùn dé etí.

Láti ìgbà náà, ó ń sùn. Ó sanra padà. Arìnláàárín lọ sílé ọkọ, ó gba àárín yàrá jáde, ó bímọ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ògiri yẹn mọ́, kọ́bọ́ọ̀dù sì bò ó.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin tó lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí àkàbà, orí bẹ́ẹ̀dì ni oorun ti gbé e lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alága. Kò pẹ́ sí i ni ojú Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ ń ṣi omi dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó wá ń pè mí ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní èyí tó ti lọ nínú ojú yẹn kò ní padà, èyí tó kù náà á lọ. Arìnláàárín wá bẹ̀ mí pé kí n kó wá bá ìyá òun gbé, ká lè máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo kó lọ. Kí ìyá rẹ̀ má baà máa forí gbá nǹkan, ó ní kí wọ́n kó àwọn kọ́bọ́ọ̀dù kúrò nínú yàrá.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé wọn. Gbogbo nǹkan nínú ilé yẹn ló ti gbó: kọ́tìnì ti ṣá, ọ̀dà ti ń bó, àwa náà ti gbó. Bébà tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bí a ṣe lẹ̀ ẹ́ ló wà. Kò gbó ju bí wọ́n ṣe mú un gbó lọ. Òórùn gúlúù mi jáde sí wa, tútù, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀. Àwọn ipa náà wà níbẹ̀, láti ìrọ̀rí dé ẹnu ọ̀nà. Arìnláàárín wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Òpó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò rí nǹkan kan, ó ń bi wá pé kí ló dé tí a dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé tíì rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti jí. Ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ bá ògiri. Kò wá a kiri rárá. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe wọ ipa òkè. Ó ń bọ̀ wá bá mi, ìka rẹ̀ ń fà lára bébà, kò yà sókè, kò yà sílẹ̀. Tíì ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé agbedeméjì, ó dúró. Ó fi ìka ra ìka bí ẹni tó ń wá ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wo ilẹ̀, kò sí ẹ̀rún wúrà kankan. Ó ti ha tán tipẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí mà dán o."

Mo ní, "Ó dán."

"Èwo ni ọwọ́ mi wà nínú wọn?"

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ parọ́ fún un. Mo ní, "Ti òkè pátápátá ni."

Mo rò pé á ṣubú, mo wá ibi tí màá gbé ife sí. Ẹ̀rín ni mo gbọ́, ẹ̀rín kékeré láti inú imú, irú èyí tó máa ń rín nígbà tí a wà lọ́mọdé tí ìyá wa bá ń wá ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ó ní, "Alẹ̀bébà wa yẹn. Òun tó ń pariwo òkè ni bébà ti ń bẹ̀rẹ̀ ló lọ ka ìyẹn láti ìsàlẹ̀." Ó pa ògiri náà lára bí ẹni pa ẹ̀yìn ọmọ. "Kì í ṣe ọmọ mi. Gbogbo ọdún yẹn, èmi ni."

Ó jókòó, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó ní kí n bu sí i.

Ẹ̀yìn Òpó, tí a kò rí kó tẹ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kò ju bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀ lọ lákọ̀ọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ fi ipa òkè sílẹ̀, ó bọ́ sí ìkejì. Mo ń wò ó. Mo ní kó jẹ́ kí n máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, ká máa gba àárín yàrá bíi ti ọmọ rẹ̀. Ó gbà fún mi, torí kò fẹ́ kí n bínú. Àmọ́ tí mo bá ti yíjú padà báyìí, màá gbọ́ ìka rẹ̀ lára bébà, ṣùùù, bí aṣọ tí wọ́n ń fà nílẹ̀. Nígbà míì á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ku púpọ̀ nísàlẹ̀?" Màá ní ó kù. Á ní kí n má rẹ́ òun jẹ o, pé ojú òun ló fọ́, orí òun ò fọ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí ó fi di pé ó tẹ̀ kọrọdọ, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ipa tó wà nísàlẹ̀ àwọn tó gùn. Mo gbé àga kan sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé e dí àmì ọwọ́ yẹn. Mi ò sọ fún un. Nígbà tí mo padà dé yàrá, ó ti fa àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jókòó lórí rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lójú fèrèsé. Arìnláàárín ní òun ń bọ̀. Mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, tó ń bá àwọn ọmọdé àdúgbò ṣeré. Òpó náà gbọ́ ọ. Mo gbọ́ tó dìde, mo gbọ́ ìka rẹ̀ lára bébà, ṣùùù, láti ìrọ̀rí bọ̀. Mo ń retí kó dé ẹnu ọ̀nà kó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Mi ò gbọ́ kí nǹkan ṣubú. Ìka yẹn kàn dákẹ́ ni.

Mo lọ wò ó. Ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nídìí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀, orí rẹ̀ lórí apá kan. Apá kejì nà sí ara ògiri. Arìnláàárín wọlé, òun náà ti ń hewú, ó gba àárín yàrá wá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kó tó rí ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Ó kúnlẹ̀. Kò tíì sunkún. Ó ń wo ọwọ́ tó wà lára bébà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ kún àmì yẹn, láti àtẹ́lẹwọ́ dé orí ìka, kò ṣẹ́ kù níbì kankan. Ọjọ́ tí àbúrò mi fi ayé sílẹ̀ nìyẹn.